Tí mọ́tò bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, ṣé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ á wá tán ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọjọ́ tí gbogbo mọ́tò bá ti ní rédíò tí wọ́n á máa fi bára wọn sọ̀rọ̀, gó-slò ti parí nìyẹn, torí mọ́tò kọ̀ọ̀kan á ti mọ títì tó ṣófo, á sì gbabẹ̀ lọ. Ẹ dúró ná. Tí gbogbo wa bá jọ gbọ́ pé títì kan ṣófo tí gbogbo wa sì ya síbẹ̀, ṣé ó tún máa ṣófo ni?

Bá a ṣe ń tẹ bíréèkì gan-an ni rédíò yẹn máa bá wa tún ṣe. Lọ́dún 2008 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Japan gbé àbọ̀ ìwádìí jáde, wọ́n ní kí mọ́tò 22 máa yí po lórí ọ̀nà róbótó tó jẹ́ mítà 230, kò sí kòtò, kò sí iná tráfíìkì, ẹnikẹ́ni ò sì kọlu ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gó-slò ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á dẹ̀rìn díẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e ò ní tètè rí i, á wá tẹ bíréèkì jù ú lọ, ẹni ẹ̀yìn ẹ̀ náà á tún tẹ tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí á fi kan ẹni tó máa dúró pátápátá, tí òun náà á sì máa bú ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Rédíò yìí máa ń kéde ibi tí mọ́tò wà, bó ṣe ń sáré tó àti bóyá ó ń tẹ bíréèkì, bí ìgbà 10 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, ó sì ń lọ tó nǹkan bíi mítà 300 tí nǹkan ò bá dí i lọ́nà. Tààrà ni láti mọ́tò sí mọ́tò, kò nílò dátà rárá o. Torí náà, mọ́tò tó wà lẹ́yìn mọ́tò márùn-ún á ti gbọ́ kí dírébà ẹ̀ tó rí iná ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni, á kàn rọra dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù ni.

Ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá ti pọ̀ ju ohun tí títì lè gbà, rédíò ò lè fẹ títì. Tí ọ̀nà bá tiẹ̀ wá dá, àwọn tó ti ń gbé mọ́tò sílé tẹ́lẹ̀ á tún gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tí London fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín ìlú láti 2003.