Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ obìnrin ṣe ń pàdé nínú ìtàn àròsọ òde òní

Ecofeminism ni wọ́n ń pè é, obìnrin ará Faransé kan, Françoise d'Eaubonne, ló kọ́kọ́ lo orúkọ yẹn nínú ìwé ní 1974, ohun tó ń sọ ò sì le: agbára tí wọ́n fi ń ba ilẹ̀ jẹ́ náà ni wọ́n fi ń tẹ obìnrin mọ́lẹ̀. Àmọ́ báwo ló ṣe ń di ìtàn?

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló máa ń gbà wọlé. Ta ló ń pọnmi, ta ló ń wẹ ọmọ? Tí epo bá dà sódò, ẹni tó ń pọnmi ló máa kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pe mítíìnì. Nínú How Beautiful We Were tí Imbolo Mbue, ọmọ Kamẹrúùnù, gbé jáde ní 2021, kọ́ńpìnnì epo láti Amẹ́ríkà ti ba omi abúlé Kosawa jẹ́, àwọn ọmọdé ń kú, àwọn ọmọ abúlé yẹn gan-an ló sì ń sọ ọ́ fún wa, àwọn àti ará ilé Thula, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, títí kan ìyá ẹ̀ àti ìyá àgbà ẹ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà o, torí ẹni tó bá ń sọ ìtàn ló máa sọ ohun tó sọnù: àgbá epo ni kọ́ńpìnnì máa kà, ọmọ ni ìyá máa kà.

Èyí tó tún wọra jù ni "Spider the Artist", ìtàn kúkúrú ti Nnedi Okorafor, 2008. Ọkọ Eme, obìnrin inú ìtàn náà, máa ń lù ú, ìyẹn ló ṣe ń sá lọ sẹ́yìnkùlé, páìpù epo ló sì gba ibẹ̀ kọjá, rọ́bọ́ọ̀tì bí aláǹtakùn ló ń ṣọ́ ọ, ẹni tó bá fọwọ́ kan páìpù, pípa ni. Eme ń ta gìtá, ọ̀kan nínú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà wá ń tẹ́tí sí i. Ẹ wò ó, ẹ̀ṣẹ́ ọkọ ló gbé e dé ìdí epo, òǹkọ̀wé ò sì ní láti ṣàlàyé kankan mọ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí wọ́n sọ obìnrin di ilẹ̀ pátápátá, ìyá rere tí kì í bínú, tí kì í ṣàṣìṣe. Obìnrin bẹ́ẹ̀ ò sí.

Ewu yẹn sún mọ́ wa, torí Ọ̀ṣun ti jẹ́ odò, ó ti jẹ́ obìnrin, Yèyé olómi tútù. Àwọn tó ń wa góòlù ti da omi ẹ̀ rú débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ káwọn èèyàn má mu ún. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó má tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òrìṣà. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì dé etí odò, tó rí i pé omi ti pọ́n bí amọ̀, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn ẹ̀.