Kí ẹ tó kó ẹyin àparò sínú ìnkúbétọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá ìnkúbétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń mú òròmọdìyẹ jáde nínú ẹyin, lè bá yín mú ọmọ àparò jáde kí ẹ lè tú u padà sínú oko, ó lè ṣe é. Kí ooru wà ní nǹkan bíi 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí omi má gbẹ nínú abọ́, kí ẹ sì máa yí ẹyin lójoojúmọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwa olùsìn adìyẹ ń ṣe ní Ìkòròdú níbí. Kí ọmọ jáde nínú ẹyin ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń fa ìbéèrè yìí. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń sọ̀rọ̀ àparò tó máa ń ké láàárọ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́, tó sì máa ń hú àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ibi tí oko wọ̀nyẹn wà ti di ilé àti fẹ́ǹsì. Àparò ò tíì parun láyé o, ó ṣì pọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ wa ló ti kúrò. Ìlànà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, gbé jáde ní 2013 lórí dídá ẹranko padà sí ibi tó ti wà rí sọ ọ́ kedere: ohun tó lé e lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Japan. Ẹyẹ funfun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ toki, ojú rẹ̀ pupa, inú oko ìrẹsì ló sì ti ń jẹun. Ìbọn ló kọ́kọ́ dín in kù, oògùn apakòkòrò wá ba oúnjẹ rẹ̀ jẹ́. Ní 1981 wọ́n mú márùn-ún tó kù ní erékùṣù Sado láti máa sìn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọmọ kankan gbà lára wọn. Lọ́dún kan náà, wọ́n rí méje péré nínú igbó ní Shaanxi, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ìran àwọn méje yẹn ni gbogbo toki tó wà láyé lónìí. Ṣáínà fún Japan ní takọtabo kan ní 1999, wọ́n sì bímọ lọ́dún náà. Síbẹ̀, ó di 2008 kí wọ́n tó tú mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án! Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, oko náà ni. Àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá fa omi oko gbẹ, ẹja kéékèèké àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ á rí ibi sá sí. Àwọn mìíràn ń fi omi sílẹ̀ nínú oko lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tó bá ṣe irú èyí, tó sì dín kẹ́míkà kù sí ìdajì, ni wọ́n ń fi àmì pàtàkì sí àpò ìrẹsì rẹ̀, owó ìrẹsì náà sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kórìíra toki torí pé ó ń tẹ èéhù ìrẹsì mọ́lẹ̀. Lónìí, ó ju 500 lọ tó ń fò káàkiri Sado. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ní Ìmọ̀tà, mo máa ń bi ara mi pé ta ni yóò fi owó kún owó ìrẹsì níbí nítorí ẹyẹ.

Ìbátan àparò wa kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ grey partridge, ẹyẹ oko lòun náà. Dick Potts, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó ní Sussex, rí i pé kòkòrò lọmọ rẹ̀ ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Oògùn apakoríko ò kan ẹyẹ náà lára rárá. Koríko ló pa, kòkòrò orí koríko bá a lọ, ebi sì pa ọmọ ẹyẹ.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ìyá ń fún ọmọ. Bí àwòdì bá yọ, ìyá á ké lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ á sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òkúta. Èyí tí ẹ tọ́ lábẹ́ gílóòbù ńkọ́? Ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ló ń gbé oúnjẹ wá, nítorí náà á sáré pàdé ẹni tó ń bọ̀, ì báà ṣe ọdẹ. Ìdí nìyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń gbé ọmọ tí wọ́n sìn fún takọtabo inú oko tí ọmọ tiwọn ti kú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń yè ju àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ láìní òbí lọ.

Ẹ má sì sin àparò mọ́ adìyẹ tí ẹ bá fẹ́ tú u sílẹ̀. Lùkúlùkú, àrùn tó máa ń pa adìyẹ, ò mọ ẹyẹ ilé yàtọ̀ sí ẹyẹ oko.

Tó bá jẹ́ tèmi, bí ẹ bá ní oko lọ́nà Ìtòkín, ẹ fi ìgbòòrò ìṣísẹ̀ mélòó kan sílẹ̀ ní ààlà oko láìfín nǹkan kan sí i. Ẹ jẹ́ kí koríko ga níbẹ̀, kí ikán àti tata máa gbé ibẹ̀. Ẹ má tiná bọ̀ ọ́. Ẹ bá àwọn tó ń dẹ tàkúté sọ̀rọ̀. Bí àparò bá ṣì wà ní oko kan nítòsí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wọlé, ẹ ò sì ní san owó iná kankan. Bí kò bá sí rárá, ẹ lọ bá ìjọba gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó wá bá mi sọ̀rọ̀ ìnkúbétọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ẹ má rà á láti fi bẹ̀rẹ̀. Inú oko ẹlòmíràn ni wọ́n ti mú un, owó tí ẹ bá san ni ọdẹ á sì fi padà lọ mú òmíràn.