Láti Aberystwyth dé Àjàṣẹ́: bí ìwádìí nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè ṣe bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nípa àjọṣe àárín orílẹ̀-èdè, ìtàn kan náà lẹ máa ń bá níbẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1918. David Davies, ọlọ́lá kan ní Wales tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ìdí wíwa èédú di olówó, ti kó ọmọ ogun lọ sí Faransé, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kú lọ bẹẹrẹ. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, Gwendoline àti Margaret, gbé £20,000 kalẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Aberystwyth ní ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tí ogun gbé lọ. Owó yẹn ni wọ́n fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ ní 1919, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé, tí wọ́n padà fi orúkọ Woodrow Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, pè. Alfred Zimmern ló kọ́kọ́ wà ní ipò náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó wádìí ohun tó ń mú kí àwọn orílẹ̀-èdè dojú ìjà kọ ara wọn, kí irú ogun bẹ́ẹ̀ má baà wáyé mọ́.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni, ìdajì tó kù sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí ọ̀nà rẹ̀ gba ilẹ̀ Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, kọjá, níbi tí Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà.

Kí Davies tó fowó sílẹ̀ rárá ni àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà ti ń tẹ ìwé ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1910, Clark University ní Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Journal of Race Development jáde. Ohun tó ká wọn lára jù níbẹ̀ ni bí àwọn òyìnbó yóò ṣe máa ṣàkóso àwọn ènìyàn tí wọ́n kà sí ẹni ẹ̀yìn. Ní 1919 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Journal of International Relations. Ní 1922 ó wọnú Foreign Affairs, tí àwọn òṣèlú ńláńlá ṣì ń kà títí dòní. Ẹ wo ọdún 1919 yẹn dáadáa: ọdún kan náà ni wọ́n dá ipò ti Aberystwyth sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀kọ́ yìí ti inú ìfẹ́ àlàáfíà nìkan wá, kò tíì wo ẹ̀yìn ìwé yìí.

Adúláwọ̀ kan sọ ìdajì ìtàn yìí síta gbangba. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1915, W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Atlantic Monthly pé ilẹ̀ Áfíríkà ni gbòǹgbò ogun tó ń jà ní Yúróòpù. Ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885 ti gbé ilẹ̀ wa sórí tábìlì, àwọn tó pín in sì ń wo ìpín ara wọn pẹ̀lú ojúkòkòrò: góòlù, eyín erin, rọ́bà, kòkó, epo pupa. Ó ní àlàáfíà kò lè fìdí múlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń jí ẹrù ẹlẹ́rù. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ ní Yúróòpù nípa ogun náà lọ.

Howard University, yunifásítì àwọn adúláwọ̀ ní Washington, ni irú èrò yìí ti rí ilé gbé. Alain Locke ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti ìjọba amúnisìn láti 1915. Ní 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, Ralph Bunche, ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Los Angeles. Òun ló dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣèlú sílẹ̀ ní Howard. Harvard ló ti ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀, àjọ Rosenwald sì fún un lówó ìwádìí. Ní 1932 ó lọ tú ìwé ìjọba ní Paris, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Togo àti Dahomey.

Ìbéèrè tó gbé wá mọ́lẹ̀ kedere. Jámánì ló ni Togo kí ogun tó dé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in láàárín ara wọn. Wọn kò pe ìpín Faransé ní ilẹ̀ amúnisìn. Wọ́n ní League of Nations, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun náà, ló fi í síkàáwọ́ Faransé láti bá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀, kí Faransé sì máa jábọ̀ ní Geneva lọ́dọọdún. Dahomey tó fara kan án, ilẹ̀ amúnisìn pọ́ńbélé ni, kò sẹ́ni tí wọ́n ń jábọ̀ fún. Ilẹ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ọ̀gá kan náà: ṣé ara tu ẹni tí ayé ń ṣọ́ ju ẹni tí ayé kò ṣọ́ lọ?

Bunche wo owó orí, ó wo ilé ẹ̀kọ́, ó wo ọ̀nà ìdájọ́ àti ìṣàkóso. Ìyàtọ̀ tó rí kò tó nǹkan. Ní Lomé bíi ti Àjàṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan lè ju adúláwọ̀ sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ 15 láìjẹ́ pé ó dé iwájú adájọ́ kankan. Ní oṣù kìíní ọdún 1933, àwọn obìnrin ọlọ́jà Lomé tú sígboro nítorí owó orí tuntun; kò sóhun tí ìjábọ̀ Geneva ṣe fún wọn. Nígbà tó sì di 1934, Faransé fi ìṣàkóso Togo sábẹ́ ti Dahomey kí ìnáwó lè dín kù, bí ẹni ń fìdí ohun tí Bunche kọ múlẹ̀.

Ọdún 1934 náà ló gboyè. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní yunifásítì Amẹ́ríkà, Harvard sì tún fún iṣẹ́ náà ní ẹ̀bùn Toppan. Síbẹ̀, wọn kò tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ka ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì ló mọ orúkọ Zimmern, tí wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ti wá wádìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìnkùlé wa.

Ọ̀rọ̀ Merze Tate, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, náà rí bẹ́ẹ̀. Oxford ló ti gboyè ní 1935, ó gba ti ọ̀mọ̀wé ní Radcliffe ní 1941, ó sì dé Howard ní 1942, ọdún tí ìwé rẹ̀ lórí ìdí tí àdéhùn ìdín-ohun-ìjà-kù fi ń forí ṣánpọ́n jáde.

Iṣẹ́ Bunche kò parí sínú àpótí Harvard. Ní 1945 ó wà ní San Francisco, ó sì lọ́wọ́ nínú kíkọ apá tó jẹ mọ́ àwọn ilẹ̀ tí kò tíì dá dúró nínú ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Lọ́tẹ̀ yìí, òfin gba àwọn ọmọ ilẹ̀ náà láyè láti fẹnu ara wọn sọ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì lè rán àwọn ènìyàn lọ wo ibẹ̀. Ní 1946 Bunche di olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, Togo sì wà lára wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1947, Sylvanus Olympio, ọmọ ìdílé Àgùdà tí ìrandíran rẹ̀ ti Bahia wá, dúró níwájú ìgbìmọ̀ àjọ náà ní New York láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa àwọn ẹ̀yà Ewe tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín sí méjì pọ̀ padà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ẹ̀bẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ yẹn.