Rọ́bà Tí Ẹ Jù Sápò Yẹn

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ àgbọ̀n fún ni, "Dókítà, ìgbà wo lẹ máa yọ bíréèsì yìí?" Bíréèsì ni wáyà tí èmi tí mò ń to eyín fi sí eyín wọn. Ojú ẹni náà tó wú lè má tíì rọlẹ̀ tán o. Ó ti wo dígí, ó ti rí i pé àgbọ̀n tó yọ síwájú tẹ́lẹ̀ ti padà sáyè, ètè òkè ti pàdé tìsàlẹ̀, ó bá gbà pé ó ti bùṣe. Àwọn kan kì í tilẹ̀ béèrè. Wọn á yọ rọ́bà tí mo fi kọ́ eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀, wọn á jù ú sápò, wọn ò sì ní yọjú mọ́ títí nǹkan á fi bàjẹ́.

Eegun ni wọ́n gbé nínú tíátà. Eyín ṣì kù.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á la eegun náà láti inú ẹnu, lápá ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún lósì, á tì í síwájú tàbí sẹ́yìn, á wá fi irin pẹlẹbẹ oní-titanium àti ìṣó kéékèèké dè é. Hugo Obwegeser, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Zurich, ló sọ ọgbọ́n yìí di mímọ̀ fáyé láti bí ọdún 1957. Fún eegun òkè, ojú ìlà tí eegun ojú máa ń gbà ṣẹ́, tí René Le Fort, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1901, ni wọ́n ń gé. Iṣẹ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ tó lè mú kí eyín òkè kọ̀ọ̀kan wọnú kòtò eyín ìsàlẹ̀ tó bá a mu. Bí a bá yọ ike tí wọ́n fi di eyín mú nínú tíátà, ohun tí mo sábà máa ń bá ni pé eyín iwájú kan ara wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá náà kan ara wọn, àwọn tàárín wá dá dúró, àlàfo wà níbẹ̀ tí igi pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ ahọ́n lè gbà kọjá. Ẹ kò lè rí i nínú dígí, torí iwájú nìkan lẹ ń wò.

Àwọn kan náà yìí ló bínú sí mi ṣáájú iṣẹ́ abẹ, pé mo ń fi bíréèsì ba ẹnu àwọn jẹ́ sí i. Ó yẹ kó burú sí i. Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti dà sẹ́yìn, tòkè á ti nà síta, kí wọ́n lè máa wá ara wọn kàn. A ní láti kọ́kọ́ na gbogbo wọn ró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eegun kò ní ráyè dé ibi tó yẹ kó dé.

Ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí eegun ti ń mú ara wọn dáadáa, kí n tó yọ wáyà líle tó ní ìkọ́, kí n fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni rọ́bà di ọ̀gá. Eegun tí wọ́n gé máa ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun kíákíá, eyín inú rẹ̀ sì máa ń rìn ju bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ. Harold Frost, oníṣẹ́ abẹ eegun ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìyára eegun yìí lọ́dún 1983. Kì í ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá sá lọ láàárín oṣù wọ̀nyẹn ti sọ àkókò tó dára jù nù.

Ẹ wo bí rọ́bà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá kọ́ ọ láti eyín ṣóńṣó òkè lọ sí eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ó ń fa ìsàlẹ̀ bọ̀ síwájú. Bí mo bá kọ́ ọ láti eyín ẹ̀yìn lókè wá sí eyín ṣóńṣó ìsàlẹ̀, ó ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣì í kọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú iṣẹ́ tíátà. Tọ̀sán tòru ni, ẹ yọ ọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹun tàbí fọ ẹnu nìkan. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí kò tiẹ̀ já, torí itọ́ ń mú un dẹ̀. Ẹ má fi méjì síbi tí mo ní kí ẹ fi ẹyọ kan sí. Ẹ má sì sọ fún mi pé alẹ́ nìkan lẹ ń lò ó: ibi tí eyín bá dé lóru, ó ń padà síbi tó ti wá lọ́sàn-án.

Ètè ìsàlẹ̀ tó kú ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Iṣan tí ètè àti àgbọ̀n fi ń mọ nǹkan lára gba inú eegun tí wọ́n là yẹn kọjá. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ètè á kú fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ti ẹlòmíràn kì í sì í padà tán. A sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Síbẹ̀, mo ní ọ̀dọ́bìnrin kan tí ètè rẹ̀ kú báyìí, àwọn ará ilé ní ayé ló gbá a létí lójú oorun. Màmá rẹ̀ àgbà mú un lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Ọkùnrin náà ní rọ́bà ló de ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú u, ó fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ àgbọ̀n náà láràárọ̀, nígbà tí eegun kò tíì mú ara wọn. Nígbà tó padà wá, irin ẹ̀gbẹ́ kan ti yẹ̀. Mo fún un ní búrẹ́dì pé kó gé e. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ara wọn gbọningbọnin, tiwájú kò pàdé, ahọ́n ló ń yọ jáde láàárín wọn, búrẹ́dì náà kàn tẹ̀ ni. Ó ṣí báàgì rẹ̀ fún mi: ọ̀rá rọ́bà tí mo fún un ṣì kún. Wọ́n ní láti gbé e padà sí tíátà. Mi ò bá Màmá jà, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wọn ló ń bí mi nínú. Ọdún 6 la fi ń kọ́ iṣẹ́ eyín ní yunifásítì ní Nàìjíríà, ká tó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ títo eyín, ẹnìkan wá fi òrí tú u ká.

Èyí tó tún burú jù ni rọ́bà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún pípa èjí dé. Èjí tí àwọn baba wa ń fi oríkì yìn! Wọ́n ní kí ẹ kàn fi rọ́bà yí eyín iwájú méjèèjì ká, láìsí bíréèsì. Gbòǹgbò eyín ń tín-ín-rín bó ṣe ń wọnú lọ. Rọ́bà tí kò ní nǹkan tó dá a dúró á máa yọ̀ lọ sábẹ́ èrìgì, ẹ ò ní rí i mọ́, àwòrán X-ray náà kì í sábà fi í hàn. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹ eegun tó di eyín mú, títí eyín á fi máa mì. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ rẹ̀ fáráyé. Mo ti yọ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ iléèwé girama kan, eyín méjèèjì kò ṣe é gbà là. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ ra nǹkan kan.

Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sábà máa ń gbà, kó tó kan ike tí ẹ ó máa lò lálẹ́ kí eyín má bàa padà síbi tó ti wá. Bí rọ́bà bá tán lọ́wọ́ yín tàbí ìkọ́ kan já, ẹ pè wá lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá. Ọ̀fẹ́ ni rọ́bà lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ lọ bá dókítà eyín tó wà nítòsí yín, kó pè mí kó tó kọ́ ohunkóhun sí ẹnu yín, kí n sọ eyín tí yóò kọ́ ọ mọ́ fún un.