Iná bíréèkì tí kò tàn: ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó kú

Iná bíréèkì wà lẹ́yìn, ẹni tó ń wakọ̀ kì í rí i. Ó lè ti kú tipẹ́ kí onímọ́tò tó mọ̀, ibi tí wọ́n ti gbá a lẹ́yìn ni wọ́n á ti sọ fún un. Kí ẹ tó pe rìwáyà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa háńdì-bíréèkì, kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ògiri tó wà lẹ́yìn mọ́tò á pọ́n lálẹ́.

Mẹ́ta ló wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò: ọ̀tún, òsì àti tòkè. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá kú, ẹ fi súwíìṣì bíréèkì tó wà lókè pẹ́dààlì sílẹ̀. Ẹ ṣí búùtù, ẹ yọ gílóòbù rẹ̀. Èyí tó ti jó sábà máa ń dúdú nínú, okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ á sì ti já. Okùn méjì ló sábà máa ń wà nínú ti ọ̀tún àti òsì: 5 wáàtì fún iná alẹ́, 21 wáàtì fún bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí iná alẹ́ fi lè máa tàn kí ti bíréèkì kú. Ẹ mú ògbólógbòó náà dání lọ sọ́jà, kí wọ́n má bàa ta olókùn kan fún yín.

Àmọ́ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú pọ̀, ẹ má ra gílóòbù kankan. Ẹ yẹ fíúsì wò. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, STOP ni wọ́n kọ sí i. Bó bá ti jó, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. Bí tuntun náà bá tún jó, wáyà kan ló ń kan ara irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi 30 rọ́pò 10, tàbí kó fi wáyà so ó pọ̀: wáyà á máa gbóná lábẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì, mọ́tò sì lè gbiná.

Bí fíúsì bá dára, ó kan súwíìṣì tó wà lókè pẹ́dààlì. Bí jíà ọtọmátíìkì bá tún kọ̀ láti kúrò ní P, ẹ fura sí i gan-an, torí òun ló ń sọ fún mọ́tò pé ẹ ti tẹ bíréèkì.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: iná tí kì í kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ pẹ́dààlì. Bí ẹ bá rí èérún rọ́bà tàbí ike níbẹ̀, bọ́tìnnì kékeré tó ń ti súwíìṣì ló ti gbó, tó sì fọ́. Ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, orí súwíìṣì sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, iná á wá tàn mọ́jú. Bátìrì á kú láàárọ̀, onímọ́tò á sì sáré lọ ra bátìrì tuntun. Rọ́bà tí kò tó èékánná ni gbogbo wàhálà náà.

Bí iná mìíràn bá ń ṣókùnkùn, tàbí tí tírafíkétọ̀ bá ń tàn fìrífìrí nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ wá wáyà ááàtì tó so mọ́ ara irin lẹ́yìn. Ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀ dànù, ẹ dè é padà dáadáa.