Iye Ìtúntà Jíìpù Kékeré: Ẹ Má Wo Ìdá Nìkan

Iye ìtúntà ni owó tí ọkọ̀ yóò pa lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde lọ́wọ́. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń fi sọ ọ́: jíìpù tí wọ́n tà ní 30,000, tó wá pa 18,000 lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 60 ló mú dúró. Ìdá yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan láàárín Toyota RAV4, Honda CR-V, Mazda CX-5 àti Hyundai Tucson. Kò burú, àmọ́ kò tó.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ ni pé iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣírò ìdá náà, kì í ṣe iye tí ẹ san. Ẹ jẹ́ ká mú jíìpù méjì tí iye wọn jẹ́ 32,000. Ọjà àkọ́kọ́ ń yá, olùtà ò dín nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó pa 19,200, ìyẹn ìdá 60. Wọ́n yọ 4,500 fún yín lórí èkejì, ẹ san 27,500. Ó pa 16,000, ìdá 50 péré. 12,800 ni àkọ́kọ́ gbé lọ lọ́wọ́ yín, èkejì gbé 11,500. Èyí tí ìdá rẹ̀ kéré ló gba owó yín là! Tí olùtà bá tún fi owó kún iye ti àkọ́kọ́ nítorí pé gbogbo èèyàn ń wá a, àlàfo náà á fẹ̀ sí i.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tí ọkọ̀ tí ẹ ò tíì rà yóò pa? Ẹ wo irú rẹ̀ tó ti pé ọdún márùn-ún lọ́jà àlòkù. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ìpele kan náà (ìyẹn bí ohun èlò inú ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó), kìlómítà tó sún mọ́ra ni kí ẹ fi wéra. Iye tó wà nínú ìpolówó kì í sábà jẹ́ iye tí wọ́n tà á, ẹ yọ ti ìdúnàádúrà kúrò. Ẹ wá wádìí iye tó jẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Tí ẹ bá fi iye tuntun ti òní wé e, tí owó ọkọ̀ sì ti gòkè láti ìgbà yẹn, ìdá náà á kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ má gbára lé iye ọdún 2021 àti 2022: chip, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀, wọ́n nígbà yẹn, ọkọ̀ tuntun ò pọ̀, àlòkù wá gbówó lórí.

Iye ọkọ̀ tuntun ni àjà tí iye àlòkù kì í sábà lè lù jáde. Nígbà tí Tesla dín owó Model Y, jíìpù oníná rẹ̀, kù fún ti tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn àlòkù rẹ̀ já wálẹ̀ tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí jíìpù tí wọ́n ń fi ẹ̀dínwó tà léraléra kì í fi í mú owó dúró. Èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà bá rà lọ rẹpẹtẹ náà nìyẹn, torí wọn yóò dà á sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún béèrè ìgbà tí ìrísí tuntun máa dé. Ìran karùn-ún RAV4 bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ìkẹfà sì dé fún 2026. Ti 2025 ò pẹ́ rárá kó tó di “ti àtijọ́”. Ẹ̀dínwó gidi nìkan ló lè mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ ní rírà, àfi tí ẹ bá fẹ́ lò ó tó ọdún mẹ́wàá.

Ìpele àárín ló sábà dáa jù. Ẹni tó máa ra àlòkù kì í san púpọ̀ lórí òrùlé onígíláàsì tàbí ẹ̀rọ orin olówó gọbọi. Ẹ wo wáráńtì náà dáadáa: ní Amẹ́ríkà, ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì ni Hyundai àti Kia fi ń dúró lórí ẹ́ńjìnnì àti jíà fún ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀, àmọ́ ó máa ń já sí ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì fún ẹni kejì, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Ẹni kejì yìí yóò yọ ìyàtọ̀ náà nínú owó tó máa fún yín.