Bí kíndìnrín ṣe ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga, àti ibi tí oògùn ti ń dá a lọ́wọ́ kọ́

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá gbẹ omi ara ènìyàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Kíndìnrín tètè máa ń fura. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lára òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò bá lágbára tó, wọ́n á tú èròjà kan tó ń jẹ́ renin jáde. Ọdún 1898 ni Robert Tigerstedt àti Per Bergman rí renin yìí nílùú Stockholm: wọ́n gún ehoro ní abẹ́rẹ́ omi tí wọ́n fún lára kíndìnrín ehoro mìíràn, ìfúnpá rẹ̀ sì gòkè.

Gígé ni iṣẹ́ renin. Ẹ̀dọ̀ máa ń tú purotéènì kan tó ń jẹ́ angiotensinogen sínú ẹ̀jẹ̀, renin á sì gé ègé kékeré kan kúrò lára rẹ̀. Ègé náà ni angiotensin I, kò sì tíì lè ṣe nǹkan kan tó tóbi. Ó dìgbà tó bá dé àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró, tí èròjà mìíràn tó ń jẹ́ ACE tún gé e kù, kó tó di angiotensin II. Èyí gan-an lọ̀gá. Á mú kí òpójẹ̀ sún kì, á jẹ́ kí òùngbẹ máa gbẹ ènìyàn, á sì ní kí àwọn adrenal tó jókòó lórí kíndìnrín tú aldosterone jáde. Aldosterone kì í jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ. Ibi tí iyọ̀ bá sì dúró sí, omi á dúró síbẹ̀.

Ètò yìí ló ń gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ là. Wàhálà dé nígbà tí kò bá sinmi: òpójẹ̀ á nípọn, ọkàn á wú, kíndìnrín fúnra rẹ̀ á máa bàjẹ́.

Lára oró ejò ni oògùn àkọ́kọ́ tó dá ACE dúró ti ṣẹ̀. Ní Brazil, Sérgio Ferreira fi hàn ní 1965 pé oró ejò jararaca ń mú kí bradykinin, tó ń tú òpójẹ̀ sílẹ̀, lágbára sí i. Iṣẹ́ yìí ni David Cushman àti Miguel Ondetti gbé lé tí wọ́n fi ṣe captopril, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981. Lisinopril àti ramipril jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

ACE yìí kan náà ló ń pa bradykinin rẹ́. Tí oògùn bá ti dí i lọ́wọ́, bradykinin á kó jọ, á sì máa rin àwọn kan lọ́nà ọ̀fun: ikọ́ gbígbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ènìyàn lè máa ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì kiri láìmọ̀ pé oògùn ìfúnpá ló fà á. Kó má kàn dá a dúró. Kó sọ fún dókítà, tó lè fi losartan rọ́pò rẹ̀. Losartan kì í fọwọ́ kan ACE rárá. Àyè tí angiotensin II ì bá jókòó sí lára òpójẹ̀ ló máa ń gbà. Ṣùgbọ́n tí ètè tàbí ahọ́n ẹni tó ń lo irú oògùn wọ̀nyí bá wú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Renin kì í pọ̀ lára ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà oògùn tó ń dí ọ̀nà rẹ̀ nìkan kì í sábà tó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 wo aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, Nàìjíríà wà lára wọn. Àwọn tó lo amlodipine, oògùn tó ń tú òpójẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú perindopril tó jẹ́ ọmọ ìyá captopril, tàbí pẹ̀lú oògùn tó ń lé iyọ̀ jáde, sàn ju àwọn tó lo perindopril àti oògùn tó ń lé iyọ̀ jáde láìsí amlodipine.

Aláboyún kò gbọ̀dọ̀ lo lisinopril tàbí losartan, torí wọ́n lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó bá sì ń lò wọ́n nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ látìgbàdégbà, kí potassium má baà ga jù.